Eré Ìdárayá fún Ọ̀dọ́ tí Kò Lépa Ife-Ẹ̀yẹ

Ẹ̀kọ́ fún àwọn Òbí àti Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí. Ọmọ ń bẹ ní Eruku, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bẹ ní ìlú gbogbo, tí ó fẹ́ràn eré, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ di ògbóǹtarìgì. Ó wù ú kí ó gbá bọ́ọ̀lù títí òógùn yóò fi bò ó, kí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kí ó sì padà sílé. Níbo ni kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ wo ọjọ́ íńtáháòsì ní ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọ́n yá ni a ń yàn láti sáré. Àwọn tí ó kù a jókòó, wọn a máa pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ ayọ̀ ni, a kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ètò eré tí ilé-ẹ̀kọ́ ní, a jẹ́ pé àwọn tí ara wọ́n ti le tẹ́lẹ̀ ni a ń fún ní eré, a sì ń fi àwọn tí wọ́n ṣe aláìní rẹ̀ jùlọ sílẹ̀. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba, síbẹ̀ a kì í gé èyí tí ó kúrú sọnù.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣe pàtàkì

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ìwádìí tí àjọ náà gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé, ní ọdún 2016, nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún 11 sí 17 káàkiri ayé, 81 ni kò dé ìwọ̀n yìí: 78 nínú 100 ọkùnrin, àti 85 nínú 100 obìnrin. Òótọ́ ni pé ọmọ tí ń pọn omi, tí ó sì ń rin ìrìn oko, ń lo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ìyẹn, ọmọ sì nílò eré pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré tí ó rọrùn jẹ́ ìmẹ́lẹ́. Ní ọdún 1895, ní ìlú Holyoke ní Amẹ́ríkà, William G. Morgan ṣe àgbékalẹ̀ fọ́líbọ́ọ̀lù nítorí pé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ le jù fún àwọn kan nínú àwọn oníṣòwò tí ó ń kọ́ ní eré. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, ènìyàn 13 péjọ ní Bushy Park láti jùmọ̀ sáré kìlómítà 5. Láti inú ìyẹn ni parkrun ti dìde, èyí tí ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè: a kì í gba owó níbẹ̀, ẹni tí kò lè sáré a sì máa rìn.

Bí a ṣe lè mọ ètò tí ó yẹ

Èkínní, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè. Ẹlòmíràn fẹ́ ariwo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ẹlòmíràn tí ń tijú èrò lè fẹ́ okùn fífò tàbí tẹ́nísì orí tábìlì.

Èkejì, ẹ lọ fi ojú yín rí i. Ǹjẹ́ gbogbo ọmọ ni bọ́ọ̀lù ń kàn? Kí ni olùdarí wí fún ẹni tí ó ṣì í gbá? Bí ó bá bú u, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè ìlànà. Ètò tí ó tura kì í ná ọmọ tàbí kí ó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò wá ní àkókò ìdánwò, kì í sì í fi dandan béèrè bàtà olówó ńlá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Bí ọmọkùnrin bá ń lọ sí pápá nígbà tí arábìnrin rẹ̀ ń fọ abọ́, kí a pín iṣẹ́ ilé náà fún àwọn méjèèjì, kí ó lè yá àwọn méjèèjì.

Bí a kò bá rí irú rẹ̀

Kí olùkọ́ kan àti òbí méjì dá a sílẹ̀. Pápá ilé-ẹ̀kọ́, bọ́ọ̀lù méjì, àwọ̀n kan àti okùn díẹ̀ tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ìjàkadì àti eré àwọn baba wa kò sì béèrè owó. Ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀ dára. Kí a tún ẹgbẹ́ pín ní ìgbàkígbà tí a bá pàdé, kí ó má ṣe sí ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí ẹgbẹ́ òmùgọ̀. Kí a má sì ṣe kọ àmì ayò sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá tún wù láti díje lẹ́yìn náà, kí a ràn án lọ́wọ́.

A kò lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ààbò. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn kọlu ilé ìjọsìn kan ní Eruku, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ kí a tó rí wọn gbà padà. Òbí tí ó sé ọmọ mọ́lé lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Nítorí náà, kí eré wà láàárín ìlú, nítòsí ilé. Kí àgbàlagbà méjì ó kéré tán wà níbẹ̀. Kí a kọ orúkọ àwọn tí ó wá, kí a sì tún un pè nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Kí gbogbo wọn sì ti délé kí oòrùn tó wọ̀. Bí ìlú bá fi ìṣọ́ra yí pápá ká, àwọn ọmọ kì yóò pàdánù ìgbà èwe wọn nítorí ẹ̀rù.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Nínú kíláàsì yín, àwọn ọmọ mélòó ni kò tíì fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ní sáà yìí, kí sì ni ìdí rẹ̀?

2. Iṣẹ́ ilé wo ni a lè pín lọ́nà mìíràn kí ọmọbìnrin lè rí àyè ṣeré?

3. Pápá wo ni ó súnmọ́ ilé jùlọ ní àdúgbò yín, àwọn àgbàlagbà méjì wo ni yóò sì dúró níbẹ̀?