Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Dókítà Tí Ń Fi Ike To Eyín

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìtòyín, inú mi dùn pé ike ìtòyín, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní aligner, ti dé ọwọ́ yín. Àgbàlagbà tí kò gbà rárá kí a so wáyà mọ́ òun léyín ti ń wá bá wa báyìí, nítorí pé ike náà mọ́ gaara, kì í gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí wáyà, ó sì ṣeé yọ nígbà oúnjẹ àti nígbà tí a bá fẹ́ fọ ẹnu. Ṣùgbọ́n yíyọ tó ṣeé yọ yẹn náà ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Wáyà ń ṣiṣẹ́ bí aláìsàn tilẹ̀ gbàgbé pé ó wà lẹ́nu òun. Ike tó wà nínú àpamọ́wọ́ kò sún eyín kankan.

Ẹ mọ bí eyín ṣe ń rìn dáadáa, kí ẹ lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò kàwé ìṣègùn. Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló so gbòǹgbò eyín mọ́ egungun. Bí ike bá ń ti eyín síbì kan, egungun iwájú rẹ̀ á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, tuntun á sì máa hù lẹ́yìn rẹ̀. Àfi kí ike náà pẹ́ lẹ́nu kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ fún wákàtí 20 sí 22 lójúmọ́. Ike kan ṣoṣo kì í sún eyín ju nǹkan bí 0.25 mìlímítà lọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì a ó sì bọ́ sí òmíràn.

Nítorí náà, kí ẹ tó ya àwòrán ẹnu ẹnikẹ́ni, ẹ bi í bí ó ṣe ń jẹun. Ìyá ọlọ́jà tó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà láti àárọ̀ dalẹ́, bàbá tí obì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kì í pa òde àríyá jẹ ní Sátidé: ẹ jókòó ti olúkúlùkù wọn, kí ẹ bá a ṣírò wákàtí rẹ̀. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àti fífọ ẹnu lè gba wákàtí méjì lọ. Mélòó ló kù fún obì? Bí ìṣirò náà kò bá jọ, ẹ sọ fún un pé wáyà ni yóò bá a mu, bí èrè ike tilẹ̀ pọ̀ jù lápò yín. Bákan náà ni eyín tó lọ́ gidigidi àti ẹnu tí a ní láti yọ eyín nínú rẹ̀ kí àyè tó wà: ọ̀pọ̀ ìgbà ni wáyà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa ju ike lọ.

Erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ àti eyín tí akokoro ti mú kò gbọdọ̀ gba ike. Ẹ tọ́jú wọn ná.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ ike ìtòyín Align Technology sílẹ̀ ní California ní 1997 ni kọ̀ǹpútà ti ń bá wa pín ìrìn eyín sí ìgbésẹ̀ kéékèèké. Ohun ìyanu ni. Síbẹ̀, àbá ni ètò ìrìn eyín tí ilé-iṣẹ́ ike bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀yin sì ni dókítà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún ibi tí kò tẹ́ yín lọ́rùn ṣe. Àlàfo iwájú tí ètò náà fẹ́ pa dé lè jẹ́ èjí tí gbogbo ilé ìyá aláìsàn yín fi ń yangàn. Ẹ bi í ní gbangba, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sínú fáìlì. Ẹ má ṣe pa èjí ẹnikẹ́ni dé láìgbàṣẹ.

Ní ti ìtọ́jú ike, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é han àwọn aláìsàn. Ìwé ìtọ́sọ́nà nìkan kò tó. Kí wọ́n yọ ike náà láti ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún lósì, kí ó má baà ya. Omi tútù tàbí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, nítorí omi gbígbóná á yí i padà, kò sì ní bá eyín mu mọ́. Nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn náà kọ́ ni ibi tí à ń fi í sí. Omi nìkan ni kí wọ́n mu bí ike bá wà lẹ́nu. Zobo àti tíì á kùn ún láwọ̀. Ṣúgà inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò burú ju ìyẹn lọ: yóò há sí abẹ́ ike, níbi tí itọ́ kò ti lè ṣàn án kúrò, yóò sì máa jẹ eyín. Ẹni tó bá jẹun tán, kí ó fọ ẹnu kí ó tó dá a padà. Ẹ kìlọ̀ gidigidi nípa tíṣù: ẹni tó bá fi tíṣù wé ike sórí tábìlì ní bùkà, pẹ̀lú egungun ẹran ni wọn ó gbá a dànù. Inú àpótí rẹ̀ ni kí ó máa wà, kí wọ́n sì tọ́jú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kí ẹnu má baà ṣófo bí tuntun bá sọnù.

Ẹ má sì fi aláìsàn sílẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí àyè láàárín ṣóńṣó eyín àti ike, eyín náà ti kù sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí aláìsàn bọ́ sí ike mìíràn títí èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ yóò fi wọlé dáadáa. Ojú dókítà ló ń rí irú èyí. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ SmileDirectClub, tó máa ń fi ike ránṣẹ́ sílé àwọn ènìyàn láìsí pé dókítà ń wò wọ́n lójúkojú, ti ilẹ̀kùn ní December 2023, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì wà ní àárín ìtọ́jú nígbà náà.

Bí eyín bá ti tò tán, yóò fẹ́ padà síbi tó ti wá. Retainer ni yóò dì í mú, lálaalẹ́, fún ọdún pípẹ́, owó tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ sọ gbogbo èyí fún aláìsàn yín kí ó tó san kọ́bọ̀.