Ohun Àmúṣògo Láti Òkèèrè: Ta Ni Ó Ni Ín?

Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 10, a kà nípa ọkọ̀ ojú omi Sólómọ́nì tí ń gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Yàtọ̀ sí wúrà àti fàdákà, eyín erin, ọ̀bọ àti ẹyẹ ọ̀kín wà nínú ẹrù rẹ̀. Ọ̀bọ àti ọ̀kín kò wúlò fún oúnjẹ, wọn kò sì wúlò fún ogun. Ẹwà ààfin ni a fi wọ́n ṣe. Ní àsìkò àjọ̀dún yìí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń ti ìdálẹ̀ mú ẹ̀bùn bọ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa, ó yẹ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò: kí ni ó ń sọ ohun òkèèrè di ògo, kí sì ni ó ń sọ ọ́ di ìtìjú?

1. Ẹranko tí a fi ṣe ẹ̀bùn

Ní ọdún 1514, Manuel ọba Pọtugí fi erin kan láti Íńdíà ta Póòpù Leo Kẹwàá lọ́rẹ ní Róòmù. Àwọn ará ìlú tú jáde láti wò ó. Kò lò ju nǹkan bí ọdún méjì lọ níbẹ̀ tí ó fi kú. Ọba náà tún fi àgbáǹréré ránṣẹ́. Ọkọ̀ tí ó gbé e rì létí òkun Ítálì, àti nítorí pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò lè lúwẹ̀ẹ́. Ó bómi lọ. Albrecht Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, ti ya àwòrán rẹ̀ ní 1515 láìfojú rí i rárá, àwòrán yìí ni ayé sì ń rántí títí di òní. Ọba tí ó fúnni gba ìyìn, Póòpù tí a fún gba ọlá. Ẹranko nìkan ni ó san gbèsè náà.

Òtítọ́ ni pé Ọlọ́run fi ènìyàn ṣe olórí ẹranko. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùtọ́jú ni Ó gbé lé Ádámù lọ́wọ́ nínú ọgbà Édẹ́nì, Òwe 12:10 sì fi àánú sí ẹran ọ̀sìn ṣe àmì tí a fi ń mọ olódodo.

2. Ènìyàn nínú ilé ọ̀bọ

Ẹni tí ó bá ti fi ohun abẹ̀mí ṣe ìran wò títí, kì í mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró. Ní ọdún 1906, ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York, wọ́n fi Ota Benga, ọmọ ilẹ̀ Kóńgò, sínú ilé àwọn ọ̀bọ kí èrò lè máa wò ó. Àwọn àlùfáà aláwọ̀ dúdú ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ó dìde sí ọ̀ràn náà. James Gordon, ọ̀kan nínú wọn, tẹnu mọ́ ọn pé ènìyàn tí ó ní ọkàn ni àwọn ènìyàn òun. Wọ́n tú Ota Benga sílẹ̀, Gordon sì gbà á sí ilé àwọn ọmọ aláìníbaba tí ó ń bójú tó. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kò san. Ní 1916, ní ìlú Lynchburg, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, láìpadà dé ilé.

3. Ohun èlò Tẹ́ḿpìlì àti àkùkọ Bìní

Nebukadinésárì kó ohun èlò Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù lọ sí ilé òrìṣà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àmì ìṣẹ́gun. Bẹliṣásárì fi wọ́n mu wáìnì níbi àsè. Ní òru ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n pa á. Kírúsì ọba Páṣíà ni ó kà wọ́n jáde, tí ó sì dá wọn padà. Gẹ́gẹ́ bí Ẹ́sírà orí kìn-ín-ní ti wí, gbogbo wọn jẹ́ 5,400. Ẹ kíyè sí i pé Kírúsì kọ́ ni ó kó wọn nígbà àkọ́kọ́. Ó bá wọn nílẹ̀ ni, síbẹ̀ kò fi èyí ṣe àwáwí.

Ní oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ìlú Bìní. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà idẹ àti ti eyín erin lọ. Ọba Ovọnramwẹn sì kú sí ìgbèkùn ní Kàlàbá ní 1914. Àkùkọ idẹ kan nínú ìkógun náà bọ́ sọ́wọ́ bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Jesus College, Cambridge, òun sì fi ta ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ ní 1905. Nítorí pé orí àkùkọ mẹ́ta wà lára àmì ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀bùn yìí bá wọn lára mu, wọ́n sì gbé e sí gbọ̀ngàn ìjẹun. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ojúbọ ìyá ọba ni irú àkùkọ bẹ́ẹ̀ máa ń wà ní Bìní. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń jẹun níwájú rẹ̀. Ní 2016 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kí a dá a padà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe ìwádìí, wọ́n sì fà á lé àwọn aṣojú Nàìjíríà lọ́wọ́ ní ọjọ́ 27, oṣù kẹwàá, ọdún 2021. Òbí ni ó mú un wọlé. Ọmọ ni ó ní kí a dá a padà.

4. Nílé tiwa ńkọ́?

Kí a má ṣe rò pé ẹ̀ṣẹ̀ òyìnbó nìkan ni èyí. Àwọn baba wa bu ọlá fún odídẹrẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìkóódẹ fi wà lára adé ọba. Lónìí, àwọn kan ń fi àtè mú un nínú igbó, wọ́n ń kó o há inú àgò, púpọ̀ sì ń kú kí wọ́n tó dé ọjà. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES pàdé ní Johannesburg, wọ́n sì fi òfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Òfin ti ṣe tirẹ̀. Ó ku ti ẹ̀rí ọkàn àwa tí a ń ra ẹyẹ fún ìdárayá ọmọ, tí a sì ń fi eyín erin ṣe ọ̀ṣọ́ pálọ̀.

A kò sọ pé kí a má ṣe kó ohun òkèèrè jọ mọ́. Ohun tí a rà tàbí tí a gbà pẹ̀lú ìfẹ́ olóhun lè kọ́ ọmọ wa lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi dán ara rẹ̀ wò.

Fún àṣàrò nínú ilé

1. Nínú ohun ọ̀ṣọ́ tí ó wà nílé wa, èwo ni a kò mọ ọwọ́ ẹni tí ó ti wá?
2. Bí olóhun bá wọlé tọ̀ wá lónìí, ǹjẹ́ a lè fi hàn án láìtijú?
3. Bí ọmọ wa bá sọ fún wa pé kí a dá ohun kan padà, ǹjẹ́ a ó gbọ́ tirẹ̀?