Ẹ Má Sáré Ti Ọwọ́ Bọ Omi

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń sin Xenia, iyùn rírọ̀ inú òkun, nínú táǹkì ní Calgary, wàdùwàdù ló ń pa á lọ́wọ́ yín ju àìsàn lọ. Bí ọwọ́ kéékèèké rẹ̀ tí ń ṣí tí ń pa dé bá ti dúró pẹ́ẹ́, kíá lẹ ti bu oògùn sómi, tí ẹ ti ṣí òkúta nípò. Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ tó ṣọ́ Heteroxenia, ìbátan rẹ̀, nínú Òkun Pupa rí i pé tọ̀sán-tòru ló ń ṣe é, àfi ìsinmi ráńpẹ́ lọ́sàn-án. Wọ́n ní ó fi ń gbá ọ́síjìn tó pọ̀ jù kúrò lára ni, kí ewéko tíntìntín tó fi inú ara rẹ̀ ṣe ilé lè rí oúnjẹ ṣe dáadáa.

Omi gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́. Omi ẹ̀rọ wa, láti odò Bow àti Elbow, dára fún mímu, àmọ́ kílórínì wà níbẹ̀, líle rẹ̀ sì ń yí padà nígbà tí yìnyín orí òkè bá ń yọ́. Ẹ fi ẹ̀rọ ìsẹ́mi tí wọ́n ń pè ní RO sẹ́ ẹ. Nígbà òtútù, hítà máa ń mú afẹ́fẹ́ ilé gbẹ, omi táǹkì á máa fà, iyọ̀ kò ní bá a lọ. Nítorí náà, omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi máa dí i, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ẹ má sì fọ omi náà mọ́ jù. Xenia fẹ́ràn ìdọ̀tí díẹ̀. Bí ẹ bá rà á lóṣù Kìíní, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná kí ẹ tó gbé e jáde.

Tó bá ti wá mọ́lé, wàhálà mìíràn dé: títàn kálẹ̀. Ẹ gbé e sórí òkúta tó dá wà láàárín iyanrìn. Àwọn kan ní tó bá yá àwọn á máa gé e. Èmi ò gbà. Tó bá ti gun òkúta ńlá, ìyókù tó lẹ̀ mọ́ ọn á tún hù. Ẹ wo ohun tí irú ẹ̀ ń ṣe nínú òkun: ní Venezuela, Unomia, tó jẹ́ ẹbí kan náà tó sì ti Éṣíà wá, ti bo iyùn ìbílẹ̀ àti koríko ìsàlẹ̀ òkun mọ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ẹ bá gé lórí òkúta tó dá wà yẹn, ẹ fún ẹlòmíràn tó ń sìn ín. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ ẹ, ẹ fi sí fíríìsà kó kú, kí ẹ tó dà á sínú pàǹtí. Kò gbọdọ̀ kan odò.