Oje Inú Agolo àti Ìjà Lórí Táyà

Ní Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú ọkọ̀ tuntun ni kì í ní táyà ẹ́sítírà mọ́. Bí ẹ bá ṣí búùtù wọn, agolo oje kan àti pọ́ǹpù kékeré lẹ máa bá níbẹ̀. Bí ìṣó bá gún táyà lójú títì, ẹ ó fún oje náà wọlé láti ẹnu fááfù, ẹ ó sì fi pọ́ǹpù fẹ́ atẹ́gùn sí i. Oje á sáré lọ sójú ihò, á sì dí i. Kẹ́ ẹ lè dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni wọ́n ṣe ṣe é: ọ̀pọ̀ agolo ló kọ ọ́ sára pé kí ọkọ̀ má sáré ju máìlì 50 lọ ní wákàtí kan.

Ọ̀dọ̀ fọkanáísà yìí gan-an nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó tú táyà, oje ṣàn sílẹ̀, ó ní òun ò lè lẹ̀ ẹ́, ẹ lọ ra tuntun. Kò kúkú parọ́ tán. Àbùlẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ rọ́bà tó tutù. Ó ní láti fọ inú táyà kó tó mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ti já nígbà tó ń yí láìní atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìfọ̀ ni àwọn fọkanáísà ń sá fún nígbà mìíràn. Bí ihò bá wà lójú ibi tó ń tẹ ilẹ̀, tí kò ju mìlímítà 6 lọ, tí inú sì dá, ó ṣe é lẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ ni kò ṣe é lẹ̀, oje ì báà wà níbẹ̀, ì báà má sí.

Nínú ìjà yìí, wáráńtì táyà ló ń dun èèyàn jù. Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss, ti ọdún 1975, kò gbà kí ilé iṣẹ́ fagi lé wáráńtì kìkì nítorí pé ẹ lo ohun tí ẹlòmíràn ṣe, bí irú oje yìí. Wọ́n ní láti fi hàn pé ohun náà ló fa ìbàjẹ́. Àmọ́ àbùkù tó ti ilé iṣẹ́ wá ni wáráńtì táyà ń bójú tó. Ìbàjẹ́ tí ìṣó àti kòtò bá fà, wáráńtì mìíràn ló sábà máa ń bójú tó o, lọ́wọ́ ẹni tó ta táyà fún yín. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo pé oje ba wáráńtì òun jẹ́, ohun tí kò sí nínú wáráńtì ilé iṣẹ́ rárá ló ń bèèrè.

Kí fọkanáísà tó tú táyà, ẹ sọ fún un pé oje wà nínú rẹ̀, torí gáàsì inú agolo mìíràn máa ń gbaná. Bó bá kọ̀ láti lẹ̀ ẹ́, ẹ ní kó fi inú táyà hàn yín, kó sì kọ ìdí tó fi kọ̀ sínú ìwé. Ẹ má fi táyà náà sílẹ̀ fún un o. Táyà yẹn ni ẹlẹ́rìí yín. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àkọlé DOT lára rẹ̀ á sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.