Ohun Tó Ń Jẹ Iná Bátìrì Kọ̀ǹpútà

Bí bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká bá ń tètè kú, ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní ó ti gbó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kí ẹ tó náwó sí tuntun, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń jẹ iná rẹ̀.

Lára ọ̀pọ̀ bátìrì, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà kan tí Wh tẹ̀ lé. Ìyẹn ni ìwọ̀n iná tó lè gbà. Ẹ jẹ́ ká ní 50 Wh ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ń jẹ wáàtì 10, bátìrì náà yóò gbé e fún wákàtí 5. Bó bá ń jẹ wáàtì 20, wákàtí méjì ààbọ̀ péré ni. Bátìrì kan náà ni o.

Bó bá jẹ́ ìwé lẹ ń kà tàbí lẹ́tà lẹ ń tẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń jẹ iná jù. Ẹ wá bọ́tìnì tó ní àwòrán oòrùn, kí ẹ fi dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù dé ibi tó bá ojú yín mu. Ẹni tó jókòó síta gbangba ní láti mú un mọ́lẹ̀ gan-an kó tó ríran, nítorí náà abẹ́ òrùlé ló dára kéèyàn ti ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ.

Àṣà kan wà tó ń dùn mí púpọ̀: iná á lọ tán, ẹnìkan á tún ki wáyà fóònù bọ ara kọ̀ǹpútà. Bátìrì fóònù tí wọ́n kọ 5,000 mAh sí lára ń gba bíi 19 Wh kó tó kún. Nínú 50 Wh tí a ní, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ká yín lára, ẹ yọ wáyà yẹn.

Fídíò àti ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣí kalẹ̀ láìkà náà ń jẹ iná. Bí fáànù inú kọ̀ǹpútà bá ń pariwo, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Orúkọ àwọn ohun tó ń ṣiṣẹ́ yóò jáde. Ẹ pa èyí tí ẹ kò nílò. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ má gbé kọ̀ǹpútà lé orí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ á dí ihò tí ooru ń gbà jáde, fáànù á máa sáré, iná á máa lọ. Ooru yẹn náà ló ń tètè sọ bátìrì di ògbólógbòó. Bí ẹ bá sì fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ẹ pa á pátápátá, torí kọ̀ǹpútà tó ń sùn ṣì ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀.