Agbára, Ipá àti Ìyára: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "agbára", ṣùgbọ́n ẹrù tí àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀ èdè ti dì lé e lórí ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n bá ń túmọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, òun ni wọ́n fi ń pe ohun tí ń ti nǹkan kúrò lójú kan. Òun ni wọ́n fi ń pe ohun tí ń bẹ nínú epo tí kò tíì jó. Òun náà ni wọ́n sì fi ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ti ń yára ṣiṣẹ́ tó. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ ra ohun tí kò yẹ kí ó rà, kí ó sì gun ohun tí kò lè dá dúró. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ de ẹ́ńjìnnì mọ́ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó fi èyí hàn gbangba, nítorí pé kò sí ẹ̀yà rẹ̀ pàtàkì kan tí ojú kò lè rí tàbí tí ọwọ́ kò lè kàn.

Ọ̀rányàn ní Ìbàdàn yẹ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kúrò níbẹ̀ tí ó ń lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, òkè ni yóò gùn kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí ó bá sì ń padà bọ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ni. Ohun tí kẹ̀kẹ́ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe yóò hàn lójú ọ̀nà yẹn kí olùkọ́ tó fi ẹfun kan pátákó.

Iṣẹ́ fífi èdè Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀, ti fi í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 sì fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ohun èlò tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fìdí múlẹ̀.

Orúkọ ohun náà gan-an ni ó kọ́kọ́ ń fa àríyànjiyàn. Ìró ni Yorùbá fi ya kẹ̀kẹ́ méjì sọ́tọ̀. Èyí tí ń lọ geere láìpariwo ni kẹ̀kẹ́ ológeere. Èyí tí ń lù pù-pù-pù ni alùpùpù. Ẹni tí ó bá de ẹ́ńjìnnì mọ́ ológeere ti gba geere lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò tíì di alùpùpù, nítorí pé pẹ́dáálì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ sì ṣì lè wà á. "Ọ̀kadà" kò bá a mu rárá: orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan tí kò sí mọ́ ni wọ́n ti mú un, alùpùpù tí ń gbé èrò gbowó ni ó sì ń tọ́ka sí. Ẹlòmíràn lè dábàá "kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rọ". Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ni kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó de nǹkan kan mọ́ ọn. Pẹ́dáálì, ṣéènì àti irin eléyín rẹ̀ ń yí ipá ẹsẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ gbogbo ti ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì, tí ń jó epo láti ṣiṣẹ́, ni kò ní. "Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì" ni ó péye jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àyálò wà nínú rẹ̀.

Irú kẹ̀kẹ́ yìí ti ní ìtàn. Ní ọdún 1946, ní ìlú Hamamatsu ní Japan, Soichiro Honda rí àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí àwọn ọmọ ogun ti fi ń pèsè iná fún rédíò wọn, ó sì de wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́. Ohun tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí láti mú ibùsùn móoru ni ó kọ́kọ́ fi ṣe àgbá epo. Ní ọdún kan náà ni VéloSolex jáde fún títà ní ilẹ̀ Faransé. Orí ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, irin roboto kan tí ó fara ti táyà ni ó sì fi ń yí ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mobylette, tí ilé-iṣẹ́ Motobécane bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1949, tí ó sì tàn kálẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ti ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Dàhòmì, tí ó di Benin ní 1975, wà lára wọn.

Ìtàn yìí kan ọ̀rọ̀-ìperí gbọ̀ngbọ̀n. Bí Yorùbá Ìbàdàn bá yá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń yá a. Ọ̀dọ̀ Faransé ni ó súnmọ́ àwọn ará Kétu àti Sábẹ. Ohun tí mẹkáníìkì Ìbàdàn ń pè ní púlọ́ọ̀gì, "bougie" ni Faransé ń pè é, ọ̀rọ̀ tí ó tún túmọ̀ sí àbẹ́là. Ìwé tí ó wà fún gbogbo ọmọ Yorùbá kò lè gbára lé ọ̀rọ̀ àyálò nìkan. "Ìṣáná ẹ́ńjìnnì" yóò yé àwọn méjèèjì, nítorí pé iṣẹ́ ìṣáná ni púlọ́ọ̀gì ń ṣe. Síbẹ̀, kí púlọ́ọ̀gì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ọjà: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dé Aráròmí ní Gate tí ó ní ìṣáná ẹ́ńjìnnì ni òun fẹ́ rà, yóò pẹ́ kí ó tó rí ẹni dá a lóhùn.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sábà máa ń de mọ́ kẹ̀kẹ́ ni irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tùú-siróòkù. Atúmọ̀ èdè tí kò tíì rí i rí lè pè é ní "onílù-méjì", nítorí pé lílù wà lára ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Àṣìṣe ni. Ìrìn písítìnì láti ìsàlẹ̀ sílíńdà dé òkè rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, Yorùbá sì ní àlọ àti àbọ̀ fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Nígbà àlọ, písítìnì a fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ lókè. Lẹ́ẹ̀kan náà, a fa òmíràn wọ yàrá tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì a tanná sí èyí tí ó wà lókè, ìjóná rẹ̀ a sì ti písítìnì padà. Nígbà àbọ̀, písítìnì a ṣí ihò tí èéfín ń gbà jáde lọ sínú sálẹ́ńsà, a sì ti ohun tí ó ti fà sí yàrá ìsàlẹ̀ gòkè láti gba ipò èéfín náà. Joseph Day ni ó gba ìwé-àṣẹ lórí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1891.

Ẹni tí ó bá ti rí ẹwìrì ní ilé alágbẹ̀dẹ ti mọ iṣẹ́ yàrá ìsàlẹ̀ yìí: fífa afẹ́fẹ́ sínú àti títì í lọ síbi iná. "Yàrá ẹwìrì" yẹ ẹ́ ní orúkọ. Orúkọ yìí tún ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti ṣàlàyé ohun kan tí ó máa ń ru àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú, èyí ni ìdí tí wọ́n fi ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù. Inú yàrá ẹwìrì ni epo ń gbà kọjá, nítorí náà ọ́ìlì kò lè dá dúró níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Àfi kí òun àti epo jọ wọlé. Bí ìpò náà bá jẹ́ ọ̀kan sí ogún, mílílítà 250 ọ́ìlì ni ti lítà 5 pẹtiróòlù. Ní ti orúkọ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, "àlọ-kan-àbọ̀-kan" dára fún àlàyé, ṣùgbọ́n "onírìn-méjì" ni ó yẹ kí ó wọ ìwé, kí iye tí olùkọ́ ń pè lè bá èyí tí mẹkáníìkì ń pè mu.

Ibi tí "agbára" ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ni irin eléyín tí ṣéènì ń fà. Ká ní ẹ́ńjìnnì kan ní ipá-ìyí níútọ̀nù-mítà 2 nígbà tí ó ń yí ní ìgbà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Jíà inú rẹ̀ dín yíyí náà kù ní ìlọ́po 4.1. Eyín 10 ni ó wà lára irin tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ṣéènì, eyín 44 sì ni ó wà lára ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn; ìpín eyín wọn jẹ́ 4.4. Ẹ́ńjìnnì yóò yí ní ìgbà 18 kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ mítà 0.33 ni ó wà láti àárín ẹsẹ̀ náà dé ojú táyà, kẹ̀kẹ́ yóò máa sá eré kìlómítà 34 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú.

Ọ̀rẹ́ kan wá sọ fún ẹni tí ó ni kẹ̀kẹ́ pé eléyín 36 "ní agbára ju" eléyín 44 lọ, nítorí pé kẹ̀kẹ́ tí ó ní in ń sáré jù. Òótọ́ ni pé yóò sáré: eré náà yóò di kìlómítà 42. Ṣùgbọ́n ipá tí táyà fi ń ti ilẹ̀, tí ó jẹ́ níútọ̀nù 109 tẹ́lẹ̀, yóò lọ sílẹ̀ sí 89. Bí kẹ̀kẹ́ àti ẹni tí ó gùn ún bá wọn kìlógíráàmù 100, tí ọ̀nà sì ń ga ní mítà 1 nínú mítà 10, níútọ̀nù 98 ni òkè náà fi ń fà wọ́n sẹ́yìn. Eléyín 44 yóò gun òkè, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ pẹ́dáálì nítorí afẹ́fẹ́ àti táyà. Eléyín 36 yóò kú sí ìdajì ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, epo kan náà ni. Kò sí èyí tí ó ní agbára ju èkejì lọ nínú àwọn irin méjèèjì. Ọ̀kan fi ìyára ra ipá, èkejì fi ipá ra ìyára. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní ọ̀rọ̀ méjì fún ohun méjì yìí kò ní náwó rẹ̀ sórí eléyín 36 bí ó bá jẹ́ pé òkè ni ó ń gbé.

"Agbára" yẹ kí ó wà fún ohun tí ó lè di iṣẹ́ nìkan, ìbáà jẹ́ èyí tí ó pamọ́ sínú epo tàbí èyí tí ó wà lára ohun tí ń sáré. Ìsọ̀kalẹ̀ láti Mápó ni yóò fi hàn pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìjánu kẹ̀kẹ́ ológeere, rọ́bà kéékèèké tí ń fún irin ẹsẹ̀ mọ́ra, ni wọ́n ṣe fún eré tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè sá. Bí kìlógíráàmù 100 bá ń sá eré kìlómítà 20 ní wákàtí kan, agbára tí ìjánu gbọ́dọ̀ sọ di ooru kí ó tó dúró jẹ́ júùlù 1,540. Bí eré náà bá di 40, kì í ṣe ìlọ́po méjì ni agbára náà yóò jẹ́. Ìlọ́po mẹ́rin ni, ó lé ní júùlù 6,100. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò tún ìjánu ṣe kí ó tó de ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tí ó bá ti já wọ inú ọjà.

Ó ku iye iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. "Ìyára-iṣẹ́" sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ti ẹ́ńjìnnì òkè yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 1,050. Ohun tí ó dojú kọ ọ̀rọ̀ náà ni "agbára ẹṣin", tí ó ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu tí kò sì ṣeé gbà kúrò níbẹ̀ mọ́. Kò sí ìdí láti bá a jà. Ẹṣin kan jẹ́ wáàtì 746, ẹ́ńjìnnì náà sì jẹ́ ẹṣin 1.4. Kí olùkọ́ kọ́ wọn ní ìyára-iṣẹ́ yé wọn yékéyéké ná, kí ó tó kọ agbára ẹṣin sójú pátákó.