Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà, Àbúrò Mi

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ìdájí ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù mi dún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni, èyí tó ń ta aṣọ òkè ní Ìbàdàn. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ọkàn mi já, mo rò pé ẹnì kan ti kú. Nígbà tó rí ohùn sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ti ojú òpó mi lórí ayélujára pa."

Ọdún mẹ́fà ló fi kó àwọn oníbàárà jọ síbẹ̀. Ìyàwó mẹ́rin ló ń retí aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ lóṣù náà, wọ́n ti san àsansílẹ̀, kò sì ní nọ́ḿbà fóònù ẹnì kankan nínú wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n jọ sọ, láti orí àwọ̀ dé orí iye owó, inú ojú òpó tí wọ́n tì yẹn ló wà. Mo jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, "Ìsọ̀ ta lo ti ń tajà?" Kò rí èsì fọ̀.

Mo fẹ́ kí ìwọ náà máa bi ara rẹ. À ń tajà, à ń ṣọ̀fọ̀, à ń kí ọmọ tuntun káàbọ̀, à ń bínú sí ìjọba lórí ayélujára bí ẹni pé ojúde baba wa ni. Ìsọ̀ onísọ̀ ni. Ẹni tó ni ín lè lé wa, ìjọba lè dí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá sì lè máa fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí ẹrù ṣì wà lórí wa. Ohùn rẹ nìkan ni tìrẹ níbẹ̀. Ohùn yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ tọ́jú.

Rántí oṣù kẹfà ọdún 2021

Lọ́jọ́ kìíní oṣù náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ sórí Twitter nípa àwọn tó ń dá wàhálà sílẹ̀, ó sì mú ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn ará wa Ìgbò, gbọ́ ọ bí ìhalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Twitter yọ ọ́ kúrò, ó ní ó tako òfin òun. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Mínísítà Ìròyìn, Lai Mohammed, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti dá Twitter dúró ní Nàìjíríà, orí Twitter kan náà sì ni iléeṣẹ́ rẹ̀ gbé ìkéde ọ̀hún sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn iléeṣẹ́ fóònù ti dí ọ̀nà rẹ̀ pa.

Gbólóhùn kan ní ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kúrò nílé dé òkèèrè. Àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ireland àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù jọ fọwọ́ sí ìwé kan pé ohun tí ìjọba ṣe kò dára. Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Geoffrey Onyeama, ránṣẹ́ pè wọ́n lọ́jọ́ keje. Donald Trump, tí Twitter ti lé kúrò ní oṣù kìíní ọdún náà, kan sáárá sí Nàìjíríà ní tirẹ̀. Wò ó, àbúrò mi: ọmọbìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta kò mọ ìkankan nínú àwọn ènìyàn yìí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìsọ̀ rẹ̀ wà lórí tábìlì wọn.

Ọjọ́ 222 ló gbà. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i, lẹ́yìn tí ìjọba ní iléeṣẹ́ náà ti gbà láti forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láti yan aṣojú, àti láti máa san owó orí. Ní oṣù keje ọdún 2022 ni ilé ẹjọ́ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, dá a lẹ́jọ́ pé ìgbésẹ̀ ìjọba kò bá òfin mu. SERAP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, àti àwọn ọmọ Nàìjíríà 176 ló gbé ẹjọ́ náà lọ. Wọ́n jàre, ṣùgbọ́n oníbàárà tó ti gba ibòmíràn lọ, ilé ẹjọ́ kò lè dá a padà.

Má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Ní Brazil, adájọ́ Alexandre de Moraes pàṣẹ kí wọ́n ti X, orúkọ tí Twitter ń jẹ́ báyìí, pa ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2024, torí pé iléeṣẹ́ náà kọ̀ láti yan aṣojú níbẹ̀. Oṣù kẹwàá ló tó padà, lẹ́yìn tó san owó ìtanràn. Òmíràn lè máa jẹ̀bi nínú irú ìjà báyìí, òmíràn sì lè máa jàre. Ẹni tó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sójú kan ni ìyà rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Kọ orúkọ oníbàárà rẹ sínú ìwé

Ìwé ni mo wí, ìwé tí a fi gègé kọ. Gbogbo ẹni tó bá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ, kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ḿbà rẹ̀, ohun tó rà àti ìgbà tó rà á. Àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn yàtọ̀ sí ibi tí o ti ń polówó. Jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́ ní ibi méjì, ó kéré tán, lórí ayélujára, kí wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àwọn ìyá wa tó ń tajà ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Nígbà tí wọ́n ti Twitter pa, ọ̀pọ̀ wa sá lọ sídìí VPN, ohun èlò tí a fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ibi tí wọ́n dí. Èmi kò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí o bá ń ṣe lórí ayélujára nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń gba ọwọ́ ẹni tó ni VPN yẹn kọjá. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí o kò mọ ẹni tó ṣe é, má ṣí i sílẹ̀ kí o tún máa fi fóònù kan náà san owó ní báńkì.

Mọ bí wọ́n ṣe ń dájọ́ níbẹ̀

Ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ yẹ ọ̀pọ̀ ohun tí a bá gbé síta wò kí ènìyàn tó dá sí i, ènìyàn náà sì lè má gbọ́ Yorùbá. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá gbé àwòrán arẹwà síta, tí o kọ "màá pa ọ́ lónìí" sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò fi kà á. Ẹ̀rọ lè kà á sí ìhalẹ̀mọ́ni. Nítorí náà, fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ọkọ, oko, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: yọ àmì wọn kúrò kí o wò ó bóyá àlejò lè mọ èyí tí o ń wí.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó dun ìlú wa. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn apànìyàn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ó kéré tán 40 ènìyàn. Ẹnì kan gbé fídíò ohun tó ṣẹlẹ̀ sórí Instagram, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó bani nínú jẹ́, ṣùgbọ́n ó tún fi àwọn àmì kún un tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn. Meta, iléeṣẹ́ tó ni Instagram, yọ ọ́. Ẹni náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dé iwájú Oversight Board, ìgbìmọ̀ tí Meta dá sílẹ̀ láti máa tún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò. Ní oṣù kejìlá, ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n dá fídíò ọ̀hún padà, kí wọ́n sì fi ìkìlọ̀ bò ó lójú.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún ọ. Àkọ́kọ́, bí o bá gbé ohun búburú tó ṣẹlẹ̀ síta, sọ ìdí rẹ kedere, má sì fi ọ̀rọ̀ tí kò bá a mu lọ́ ọ. Èkejì, bí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ rẹ láìtọ́, ya àwòrán ojú fóònù rẹ, kí o sì pe ẹjọ́ náà. Má torí ìtìjú dákẹ́. Ẹ̀kẹta, kí o tó gbé òkú ẹlòmíràn síta, ronú nípa ìyá tó bí i. Ó lè jẹ́ lórí fóònù ni yóò ti kọ́kọ́ rí ọmọ rẹ̀.

Ẹyin lohùn

Èyí ni mo ní láti jẹ́wọ́ fún ọ. Nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó lọ́dún 2014, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tàn ká ní oṣù kẹjọ pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi náà fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mọ́kànlélógún. Mo mọ iye wọn nítorí mo padà pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìjẹ̀bú Igbó, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu. Ife méjì ni ìyá náà mu. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dá a dúró ní ilé ìwòsàn. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ lọ́sẹ̀ náà pé omi iyọ̀ ti pa àwọn kan níbòmíràn.

Mo lọ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn. Wọn kò bá mi jà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Torí pé ìwọ lo fi ránṣẹ́ ni mo ṣe mu ún." Mi ò gbàgbé gbólóhùn yẹn rí. Orúkọ wa ni àwọn ènìyàn wa ń gbàgbọ́ kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ gbọ́.

WhatsApp ti dín iye ènìyàn tàbí ẹgbẹ́ tí a lè fi nǹkan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà kù sí 5 lọ́dún 2019, ó sì dín ti àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá kù sí ẹyọ kan lọ́dún 2020. Bí o bá rí ọfà méjì lórí ọ̀rọ̀, ó ti rin ìrìn àjò gígùn, ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ọ sì lè má mọ orísun rẹ̀. Wá a wò lọ́dọ̀ Dubawa tàbí Africa Check, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá rí i, jẹ́ kó kú sọ́wọ́ rẹ. Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ lo ti ṣàṣìṣe, ibi tí o ti sọ ọ́ ni kí o ti tún un ṣe.

Mọ ẹ̀tọ́ rẹ

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Abala 39 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò rẹ. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 ní abala 24 tí wọ́n fi mú ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn akọ̀ròyìn. Ilé ẹjọ́ ECOWAS bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ìjọba sì tún un kọ lọ́dún 2024, ohun tó kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ti dín kù. Ṣùgbọ́n irọ́ tí ènìyàn mọ̀ pé irọ́ ni, tó lè dá ìlú rú, ṣì lè gbé e dé ilé ẹjọ́. Bí o bá ní ẹ̀rí, sọ ọ́. Bó bá jẹ́ èrò rẹ ni, pè é ní èrò. Bí wọ́n bá sì mú ọ, abala 35 gbà ọ́ láyè láti dákẹ́ títí o ó fi bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Mọ nọ́ḿbà agbẹjọ́rò kan sórí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yìí kò mọ sí Nàìjíríà. Ìwọ àbúrò mi tó wà ní Kútọnu, o rántí ọjọ́ ìdìbò, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 2019, tí íntánẹ́ẹ̀tì lọ jákèjádò Benin. Ìwọ tó wà ní Lomé, ẹ ti rí irú rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dá Togo lẹ́bi lórí ìyẹn lọ́dún 2020, torí pé àwọn kan kò dákẹ́.

Bí o bá ń wá físà

Láti ọdún 2019 ni fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà ti ń béèrè orúkọ tí ènìyàn ń jẹ́ lórí àwọn ìkànnì tó lò láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n tún ní kí àwọn tó ń wá físà ẹ̀kọ́ ṣí ojú òpó wọn sílẹ̀ fún wọn láti wò. Má purọ́ lórí fọ́ọ̀mù. Má sì torí rẹ̀ sọ ara rẹ di odi. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o máa kọ ọ̀rọ̀ tí o lè dúró tì lójú ẹnikẹ́ni, lọ́jọ́ kọ́jọ́.

Ọmọ àbúrò ìyá mi wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Wọn kò tíì ṣí ojú òpó rẹ̀ fún un, àmọ́ ó ti pe ẹjọ́. Mẹ́ta nínú àwọn ìyàwó mẹ́rin náà ti wá a rí: ọ̀kan béèrè ilé rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ, ó sì mú ẹnì kejì dání, ẹ̀kẹta gba ọ̀dọ̀ aránṣọ wá. Ó mú ìwé kan jáde nínú báàgì, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, ó ti fi rúlà fa ìlà sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kọ nọ́ḿbà yín síbí." Mo ní ṣebí ó ti ní i nínú fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó na gègé sí mi. Mo gbà á, mo sì kọ ọ́.